Sẹ́ẹ̀lì sólà organic: ìtò ìpele ló ń dà á láàmú ni, àbí ohun tí a pò?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni mí ní Ìlọrin níbí, mo wà ní ọdún àṣekágbà. Sẹ́ẹ̀lì sólà organic, èyí tí ike ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ dípò sílíkọ̀nù, ni mo ń ṣe: gíláàsì tó ní ITO (ìpele tó mọ́ gaara tó ń gbé iná), PEDOT:PSS (ike tó ń gbé iná) lórí rẹ̀, P3HT (ike tó ń gba ìmọ́lẹ̀) àti PCBM (èròjà tó ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù) tí mo pò pọ̀, lẹ́yìn náà alumíníọ̀mù. Mo ti ṣe méjìlá. Èyí tó dára jù fún mi ní 0.58 V, 7.9 mA/cm², fill factor (bí ìlà kọ́rẹ́ńtì àti fólítì ṣe kún tó, kò lè kọjá 1) 0.36. Mẹ́ta nínú wọn kò ju 0.2 V lọ. Mo rò pé PCBM ló kéré, mo sún un láti 1:1 dé 1:2, ńṣe ló tún burú sí i. 80 °C ni mo fi yan án, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀gá wa ní kí n jẹ́ kí ìpele àárín nípọn kó lè gba ìmọ́lẹ̀ sí i, mo gbé e dé bíi 220 nm. Ṣé ìtò àwọn ìpele ló ń bá mi jà ni, àbí ohun tí mo pò?

Ìdáhùn

Àbúrò, ìwọ náà kú iṣẹ́. O ṣeun tí o kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ẹnu wọn ò kò. Fi wọ́n lọ́nà ara wọn: 0.58 × 7.9 × 0.36, ó jẹ́ 1.65 mW/cm². Ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń dán sẹ́ẹ̀lì wò jẹ́ 100 mW/cm², 1.65% ni o ní nìyẹn. Fólítì rẹ kò burú rárá, 0.6 V ni P3HT àti PCBM máa ń mú wá. Kọ́rẹ́ńtì rẹ náà kò burú. P3HT kì í gba ìmọ́lẹ̀ tó bá kọjá bíi 650 nm, ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń rí 8 sí 10 mA/cm², tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá ibẹ̀. Fill factor ló wólẹ̀. Bí 0.36 yẹn bá di 0.60, tí o kò fi ìtànṣán kan ṣoṣo kún ìmọ́lẹ̀ rẹ, 2.75% ni wàá bá.

Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, iná ń hù nínú ilé, àmọ́ kò rí ọ̀nà jáde. Ọ̀nà àbájáde yìí ni kí o wá. Ó wà nínú ohun tí o pò, ó sì wà nínú bí o ṣe to ìpele, nítorí náà n kò ní dá ọ̀kan lẹ́bi kí n dá èkejì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá bi mí pé èwo ni kí o kọ́kọ́ mú, máa sọ pé yíyan ni. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Nínú sílíkọ̀nù, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bọ́ sílẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti já gbà lọ́wọ́ ihò rẹ̀, ìyẹn àyè tó fi sílẹ̀, tí òun náà ń rìn bí ẹrù iná pósítíìfù. Nínú ike kò rí bẹ́ẹ̀. Dielectric constant (bí ohun kan ṣe ń dín agbára tí ẹrù iná méjì fi ń fa ara wọn kù tó) ti sílíkọ̀nù sún mọ́ 12, ti àwọn ike yìí kò ju 3 sí 4 lọ, torí náà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti ihò á di ara wọn mú gírígírí. Nǹkan bíi 0.3 sí 0.5 eV (ìwọ̀n agbára) ló so wọ́n pọ̀, ooru inú yàrá kò sì ju 0.025 eV lọ. Kò lè tú wọn láéláé. Àwọn méjì tó so mọ́ra yìí là ń pè ní exciton. Ibi tí wọ́n ti lè tú ni ojú ààlà, níbi tí P3HT ti kan PCBM. P3HT ni olùfúnni, PCBM ni olùgbà: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á fò sọ́dọ̀ olùgbà, ihò á dúró sọ́dọ̀ olùfúnni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé exciton kì í rìn ju bíi 10 nm lọ kó tó kú, bẹ́ẹ̀ ìpele kò lè gba ìmọ́lẹ̀ tó nǹkan bí kò bá nípọn tó 100 nm. Mẹ́wàá ń bá ọgọ́rùn-ún jà.

Ching Tang, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kodak ní Amẹ́ríkà, gbé sẹ́ẹ̀lì onípele méjì jáde lọ́dún 1986: copper phthalocyanine nísàlẹ̀, ẹ̀yà perylene lókè, ó sì rí bíi 1%. Bí ìgbà tí a bu ìrẹsì sí ẹ̀gbẹ́ kan abọ́ tí a bu ẹ̀wà sí ẹ̀gbẹ́ kejì ni: ojú ààlà kan ṣoṣo ló wà, exciton tó bá hù jìnnà sí i ti ṣòfò. Lọ́dún 1995 ni àwọn tó wà ní Santa Barbara àti ní Cambridge fi hàn pé kí a po méjèèjì pọ̀ ló dára jù. Bí o bá ti jẹ àdàlù rí, o ti mọ ohun tí wọ́n ṣe: ibi yòówù kí ṣíbí rẹ bọ́ sí, ẹ̀wà ti kan àgbàdo níbẹ̀. Ìwé yóò pè é ní bulk heterojunction. Àdàlù ni èmi yóò máa pè é.

Àdàlù tú exciton ká, ó yẹ ká yìn ín fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti ihò bá ti pínyà, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rin ilẹ̀ tirẹ̀ dé etí sẹ́ẹ̀lì: ihò nínú P3HT dé PEDOT:PSS, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú PCBM dé alumíníọ̀mù. Bí àdàlù bá kúnná jù, ilẹ̀ P3HT á já ní agbedeméjì, ilẹ̀ PCBM náà á já, wọ́n á tún pàdé ara wọn, wọ́n á sì kú. Bí ó bá sì ní kókó ńlá, exciton á kú kó tó dé ojú ààlà. Ohun tí à ń fẹ́ ni ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 10 sí 20 nm, tó sì gùn láìjá. Àwọn tó ń hun aṣọ òkè nílùú wa mọ̀ pé òwú tó bá já láàárín kò ṣeé díbọ́n pé ó ṣì wà. Aṣọ náà yóò fi hàn.

Níbí ni 80 °C rẹ ti jẹ́ ọ lẹ́sẹ̀. Bí àdàlù P3HT àti PCBM bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, pàápàá tó bá jẹ́ láti inú chlorobenzene, omi tí a fi ń yọ́ wọn, tó ń yára fẹ́, okùn P3HT kò tíì rí àyè to ara wọn sílé. Ihò kò ní ọ̀nà. Àwọn tó wọn bí ihò ṣe ń yára rìn nínú àdàlù yìí rí i pé bí a bá yan án kọjá nǹkan bíi 120 °C, ìyára ihò ń di ìlọ́po tó ju 1,000 lọ, ó ń dé àyíká 10⁻⁴ cm²/Vs. Ní 80 °C, o kò tíì dé ẹnu ọ̀nà. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní tirẹ̀ ń sáré nínú PCBM ní bíi 10⁻³, ihò sì ń wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ihò á wá pọ̀ jọ sínú sẹ́ẹ̀lì bí èrò tó há sí ẹnu ọ̀nà ọjà Ìpàtà, wọ́n á dojú agbára tó ń fà wọ́n jáde rú. Bó ṣe ń hàn lórí ìlà kọ́rẹ́ńtì àti fólítì ni èyí tí o rí gan-an: kọ́rẹ́ńtì dára ní 0 V, ó wá ń yọ̀ wálẹ̀ kó tó dé agbedeméjì.

Yan án ní 140 sí 150 °C fún ìṣẹ́jú 10, nínú naitrójìn bí o bá ní i. Nọ́ńbà tó wà lójú hot plate kọ́ ni ìgbóná orí gíláàsì. Ó lè fi ìwọ̀n mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rẹlẹ̀. Fi thermocouple kan gíláàsì kí o kọ ohun tó sọ. Bí iná bá lọ láàárín yíyan, fi àmì sí gíláàsì yẹn, má kà á mọ́ àwọn tó kù, torí ó tutù díẹ̀díẹ̀ lọ́nà tí o kò yàn. Ojú rẹ náà lè jẹ́rìí: àdàlù tó ti to ara rẹ̀ máa ń kúrò ní àwọ̀ ọsàn tó ń dúdú, yóò bọ́ sí àwọ̀ àlùkò. Bí o bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn bí ìpele ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀, wá èjìká tó yọ ní bíi 600 nm. Bí èjìká yẹn kò bá sí, má wulẹ̀ fi alumíníọ̀mù ṣòfò. Bí o bá sì yan án pẹ́ jù, PCBM á kóra jọ, á di abẹ́rẹ́ tí o lè fi maikirosíkóòpù lásán rí. Ìgbà yẹn ni kọ́rẹ́ńtì á ṣubú.

Ọ̀nà kejì sí ibi kan náà ni o-dichlorobenzene, tí kì í hó títí dé 180 °C, nígbà tí chlorobenzene ń hó ní bíi 132. Dá ẹ̀rọ tó ń yí gíláàsì kí àpòpọ̀ lè tẹ́ lé e dúró nígbà tí ìpele ṣì tutù, fi àwo gíláàsì bò ó, jẹ́ kó gbẹ jẹ́ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Okùn P3HT á fúnra rẹ̀ to ara rẹ̀ sílé. Yíyan díẹ̀ lẹ́yìn náà á parí iṣẹ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ 1:2. Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá. Nínú ìwé àtijọ́ nípa MDMO-PPV, ike olùfúnni mìíràn, 1:4 ni wọ́n ń pò, ẹni tó bá kà á yóò sọ pé ìwọ̀n PCBM tòun ti kéré. Àmọ́ ìwọ̀n kì í ṣe òfin tó ń bá gbogbo ike lọ. Nínú àwọn ike kan, irun ẹ̀gbẹ́ okùn wọn fàyè sílẹ̀, PCBM á kọ́kọ́ ki ara rẹ̀ bọ àárín irun yẹn. PBTTT ni àpẹẹrẹ tó hàn kedere jù. Ìgbà tí àyè yẹn bá kún tán ni PCBM tó ṣẹ́kù á tó di ọ̀nà fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, òun ló fi ń gba ìlọ́po mẹ́rin. Irun P3HT ní tirẹ̀ há, PCBM kì í wọ inú kírísítálì rẹ̀. Nítorí náà 1:0.8 sí 1:1 ti tó. Gbogbo PCBM tí o fi kún un lẹ́yìn ìyẹn ń gba àyè lọ́wọ́ P3HT, tí òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ jù, ó sì tún ń dí okùn lọ́wọ́ láti to ara wọn. O pàdánù lọ́nà méjì.

Wọn miligiramu 20 P3HT àti miligiramu 16 PCBM fún mílílítà kan. Rò ó pọ̀ ní 50 sí 60 °C di ọjọ́ kejì, sẹ́ ẹ pẹ̀lú àsẹ́ PTFE 0.45 µm. Wo ara ìgò P3HT tí o rà: ó yẹ kí regioregularity rẹ̀ (bí irun ẹ̀gbẹ́ okùn ṣe to sí ọ̀nà kan náà tó) kọjá 90%, kí okùn rẹ̀ má sì kúrú jù. Bí o bá yí ìgò padà láàárín iṣẹ́, tún sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ rẹ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ìgò méjì láti ilé iṣẹ́ kan náà lè má jọra.

Ọ̀gá rẹ kò ṣìnà lórí ìnípọn o. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Alumíníọ̀mù jẹ́ dígí. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé yóò padà, èyí tó ń bọ̀ àti èyí tó ń padà yóò pàdé, wọ́n á fún ara wọn lágbára níbì kan, wọ́n á pa ara wọn níbòmíràn. Èyí ni kọ́rẹ́ńtì àdàlù yìí kì í fi í gòkè tààrà bí ìpele ṣe ń nípọn: ó ń dé góńgó kan ní bíi 80 sí 100 nm, ó ń rẹlẹ̀ díẹ̀, ó tún ń gòkè ní bíi 200 sí 220 nm. Nítorí náà, ní ti ìmọ́lẹ̀, 220 nm wà lórí góńgó kejì gan-an. Ní ti ihò tí kò tíì ní ọ̀nà, o ti fa ìrìn rẹ̀ gùn ju ìlọ́po méjì lọ. Kọ́kọ́ padà sí 90 nm, yan án dáadáa, wo fill factor rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá 0.55, ìgbà náà ni kí o tún gbìyànjú 200.

Láti dín ìnípọn kù, ìnípọn ń tẹ̀ lé ìdá gbòǹgbò onígun méjì ìyára yíyí. Bí 1,000 rpm (iye ìgbà tó yí ní ìṣẹ́jú kan) bá fún ọ ní 220 nm, 2,000 rpm yóò fún ọ ní bíi 155, 4,000 rpm yóò fún ọ ní 110. Kàkà kí o máa yí i ní 6,000, fi chlorobenzene tàbí ohun tí o fi yọ́ ọ kún àpòpọ̀ rẹ: gbé e wá sí 12 mg P3HT fún mílílítà kan. Wọn ìnípọn náà. Kí a má fojú dá a.

Tí a bá ti tún àárín ṣe, ó ku etí méjèèjì. O fi alumíníọ̀mù lé àdàlù tààrà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ibi tí wọ́n ti pàdé kì í dán mọ́rán. Bí ẹ̀rọ òfìfo tí o ń lò bá gbà á, fi LiF (lithium fluoride) tí kò ju 0.5 sí 1 nm lọ sáàárín. Bí ó bá nípọn ju ìyẹn, iná kò ní gba inú rẹ̀ kọjá, torí LiF fúnra rẹ̀ kì í gbé iná. Calcium 20 nm náà dára, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ á jẹ ẹ́ kó tó di ọ̀la. Bí o kò bá ní ọ̀kankan, yan sẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn tí o ti fi alumíníọ̀mù sí i tán dípò kó jẹ́ ṣáájú. Ìyẹn náà ń jẹ́ kí ojú ibi ìpàdé dára sí i.

PEDOT:PSS ni mo ń bẹ̀rù jù nínú ìtò rẹ, pàápàá ní oṣù tí òjò ń rọ̀ ní Kwara. Ásíìdì ni: pH rẹ̀ kò ju 1 sí 2 lọ, ó ń jẹ ITO díẹ̀díẹ̀, indium á sì máa rìn bọ̀ sókè. Ó tún ń fa omi nínú afẹ́fẹ́ bí iyọ̀. Sẹ́ ẹ, yí i ní 4,000 sí 5,000 rpm kí ó lè jẹ́ 30 sí 40 nm, yan án ní 150 °C fún ìṣẹ́jú 15, kí o sì fi àdàlù lé e kíá tó bá ti tutù. Èyí tó bá sùn lórí tábìlì di àárọ̀, tún un yan.

Ní tèmi o, bí ó bá jẹ́ pé o ṣì ní àkókò, yí sẹ́ẹ̀lì náà dorí kodò. ITO, lẹ́yìn náà ZnO (zinc oxide), lẹ́yìn náà àdàlù, lẹ́yìn náà MoO₃ (molybdenum oxide), lẹ́yìn náà fàdákà. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á gba ìsàlẹ̀ jáde, ihò á gba òkè. PEDOT:PSS ti kúrò lórí ITO, alumíníọ̀mù tó ń yára dípẹtà ti lọ, fàdákà sì ní sùúrù fún afẹ́fẹ́ jù ú lọ. Ìdí kejì wà tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń rò ó: bí àdàlù ṣe ń gbẹ, P3HT máa ń fẹ́ gòkè sí ojú afẹ́fẹ́, PCBM á sì máa jókòó sísàlẹ̀. Nínú ìtò tìrẹ, ìyẹn túmọ̀ sí pé olùgbà wà lọ́dọ̀ ẹnu ọ̀nà ihò, olùfúnni wà lọ́dọ̀ ẹnu ọ̀nà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Òdì kejì ohun tí à ń fẹ́. Bí o bá dorí ìtò kodò, àdàlù á bá ọ ṣe é láìgba owó.

ZnO kò le. Zinc acetate dihydrate giramu 1, 2-methoxyethanol mílílítà 10, ethanolamine giramu 0.28, rò ó di ọjọ́ kejì nínú afẹ́fẹ́ lásán. Yí i ní 4,000 rpm, bíi 30 nm nìyẹn, yan án ní 200 °C fún wákàtí kan nínú afẹ́fẹ́. Ìpele náà gbọ́dọ̀ mọ́ gaara. Bí ó bá funfun bí omi ògì, ọ̀rinrin ti bà á jẹ́ tàbí àpòpọ̀ ti dàgbà jù, da á nù. Jọ̀ọ́, 2-methoxyethanol ń ba agbára ìbímọ jẹ́, ọkùnrin àti obìnrin. Inú fume hood ni kí o ti lò ó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Chlorobenzene náà kì í ṣe ohun tí a ń fín símú. MoO₃ ní tirẹ̀, 8 sí 10 nm ti tó. Bí ó bá kọjá 20, ìdènà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fill factor rẹ. Fàdákà 100 nm, kí ó máa sọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kó má baà gún àdàlù wọ inú.

Ohun kan yóò dẹ́rù bà ọ́ tí o bá lo ZnO. Nígbà tí o bá kọ́kọ́ wọn sẹ́ẹ̀lì, ìlà rẹ̀ lè wọ́ bíi lẹ́tà S, kí fill factor wà ní 0.3. Má jù ú nù. Fi í sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó ní ìtànṣán UV fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí o tún un wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò tọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá ṣì wọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìpele kan ni kò bá èkejì mu: ó lè jẹ́ MoO₃ tó ti rí afẹ́fẹ́ pẹ́ kí fàdákà tó bò ó, tàbí ZnO tí kò jinná.

Ní ti àwọn mẹ́ta tí kò ju 0.2 V lọ, àpòpọ̀ kọ́ ló ṣe wọ́n, wọ́n ti ṣọ́ọ̀tì ni. Wọ́n wọn nínú òkùnkùn: bí ìlà kọ́rẹ́ńtì bá gùn tààrà gba àárín 0 V kọjá bí ti wáyà lásán, irin òkè ti fọwọ́ kan ITO. Eruku ni mo kọ́kọ́ fura sí. Eruku kan tí kò ju 1 µm lọ, tí ojú kò lè rí, fi ìlọ́po mẹ́wàá ga ju ìpele 100 nm lọ. Nígbà ọyẹ́ ní Ìlọrin, afẹ́fẹ́ gbẹ, PEDOT:PSS á sinmi, ṣùgbọ́n eruku á gba gbogbo yàrá. Nígbà òjò, eruku á wálẹ̀, ọ̀rinrin á gòkè. Nítorí náà kò sí oṣù tí kò ní ẹ̀bi tirẹ̀, o kàn yí ohun tí o ń ṣọ́ padà ni. Fọ gíláàsì pẹ̀lú omi ọṣẹ, omi tí a sè tí a gbà ooru rẹ̀, acetone, isopropanol, ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ultrasonic. Fẹ́ ẹ gbẹ pẹ̀lú naitrójìn, má fi aṣọ nù ún. UV-ozone fún ìṣẹ́jú 15. Jẹ́ kí ojú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kéré, 4 sí 9 mm², kí o sì ṣe mẹ́fà sórí gíláàsì kan. Eruku kan á pa ọ̀kan, márùn-ún á kù.

Etí ITO náà ń ṣe irú èyí. Bí ibi tí o ti fi ásíìdì gé e bá mú ṣáṣá, ìpele àárín á tín-ín-rín níbẹ̀, alumíníọ̀mù á sì já a.

Bí o bá rí ìwé tuntun tí wọ́n ń sọ 15% tàbí 19%, má jẹ́ kí P3HT tì ọ́ lójú. Ohun tí wọ́n pò ló yàtọ̀. Fólítì ń tẹ̀ lé àlàfo tó wà láàárín HOMO olùfúnni (ipele agbára tó ga jù tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà) àti LUMO olùgbà (ipele tó rẹlẹ̀ jù tó ṣófo), kí a yọ bíi 0.3 V kúrò. Fi ICBA, olùgbà mìíràn, rọ́pò PCBM, P3HT kan náà á gòkè láti 0.6 dé bíi 0.84 V, torí LUMO ICBA ga ju ti PCBM lọ. PTB7 (olùfúnni) pẹ̀lú PC₇₁BM (olùgbà) ní 1:1.5 nínú chlorobenzene ń fún ni ní bíi 4%. Kí a fi DIO, omi àfikún kan, 3% kún un, ó ń kọjá 7%, nítorí DIO ń tú àwọn kókó ńlá PC₇₁BM ká. Àmọ́ DIO kì í tètè fẹ́. Èyí tó bá kù sínú ìpele, tí oòrùn bá kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́. Fi í sínú òfìfo fún wákàtí mélòó kan. PM6 (olùfúnni) pẹ̀lú Y6 (olùgbà) ní 1:1.2, tí àwọn ará Ṣáínà gbé jáde lọ́dún 2019, dé 15.7%, torí Y6 fúnra rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ tó sún mọ́ 900 nm, èyí tí PCBM kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n owó PM6 àti Y6 ga. Ẹni tí kò tíì mú P3HT dé 3% yóò kàn fi wọ́n jóná lásán ni.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ níbí ló ń fi SCAPS ti Yunifásítì Gent ní Bẹ́ljíọ̀mù ṣe ẹ̀dà sẹ́ẹ̀lì lórí kọ̀ǹpútà. Kò burú, bí o bá rántí pé sẹ́ẹ̀lì inorganic ni wọ́n ṣe é fún. Ka àdàlù sí ohun kan ṣoṣo: HOMO P3HT, LUMO PCBM, dielectric constant 3.5, ìyára 10⁻³ fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti 10⁻⁴ fún ihò. Ẹni tó bá fi ìyára 1 cm²/Vs sí i, iye tó ga jù ni kọ̀ǹpútà á fún un, irọ́ sì ni. SCAPS kò tún mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó ń padà ń pàdé, kò ní fi góńgó méjì yẹn hàn ọ́. OghmaNano, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn, mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni.

Bí o bá fẹ́ wọn sẹ́ẹ̀lì, bò ó pẹ̀lú ìbòjú irin tó ní ihò tí o mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí ojú sẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ 4 mm² tí ìmọ́lẹ̀ sì ń yà wọ inú láti ẹ̀gbẹ́, kọ́rẹ́ńtì rẹ á ga lásán. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé P3HT àti PCBM fún òun ní 16 mA/cm², bi í léèrè ìbòjú rẹ̀. Kọ nọ́ńbà gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ sínú ìwé rẹ, àti ìpíndọ́gba wọn, má kọ èyí tó dára jù nìkan.

Ìtò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí ó bá jẹ́ èmi ni: gíláàsì mẹ́rin, gbogbo wọn 1:0.8, gbogbo wọn bíi 90 nm, PEDOT:PSS kan náà. Yan ọ̀kan ní 80, ọ̀kan ní 110, ọ̀kan ní 130, ọ̀kan ní 150 °C, ìṣẹ́jú 10 lọ́kọ̀ọ̀kan. Má yí ohun mìíràn padà. Bí fill factor bá ń gòkè pẹ̀lú ooru, ọ̀rọ̀ ti yanjú, o lè lọ sórí ZnO. Bí ó bá ṣì wà nísàlẹ̀ 0.45 ní 150, àárín kọ́ ni ẹ̀bi wà, etí ni. Fi ìlà tí o wọn nínú òkùnkùn ránṣẹ́ sí mi, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti -1 V dé +1 V, kí o kọ iye ìṣẹ́jú tí PEDOT:PSS lò níta kí o tó bò ó.